Ojútùú ti dé: ipò 6 àbí 7 nínú HBB, purotéènì kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀?

Ẹ̀yin ará, mo ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè tí mo bi yín lórí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde: kí ló dé tí ìwé ń pe ibi tí glutamic acid ti di valine (amino acid ni méjèèjì, èròjà tó ń tò tẹ̀léra di purotéènì) ní ipò 6, tí UniProt, àkójọ purotéènì orí ayélujára, sì ń pè é ní 7?

Ibì kan náà ni. UniProt ka methionine, amino acid tó ṣáájú gbogbo wọn, mọ́ ọn. Ara máa ń gé ìyẹn kúrò, àwọn ìwé àtijọ́ kò sì kà á. Ẹ kíyè sí Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, o! Láti 0 ló ti ń kà, nítorí náà, bí ẹ bá tọ́jú ìtòtẹ̀léra UniProt náà sínú seq, seq[6] ló ń gbé E (àmì glutamic acid) ti ipò 7 yẹn jáde.

Ẹ̀gbọ́n kan ní Tanke ló là mí lójú, Ọlọ́run á san án fún wọn. Àìsàn yìí ń ṣe àbúrò mi, ìdí nìyẹn tí n kò fi lè fi í sílẹ̀.

Biopython, àkójọ irinṣẹ́ Python fún ẹ̀kọ́ nípa ohun alààyè, ló kàn. Ará Ìlọrin tó bá fẹ́ ká jọ kọ́ ọ, kó fèsì.