Okùn wo ló yẹ crankbait tó ń rì jìn?

Ẹ̀yin ọ̀gá apẹja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ okùn yìí. Crankbait (ẹja àtọwọ́dá tí a fi ń dẹ ẹja, tó máa ń rì bí a bá ń fà á) tó yẹ kó rì dé ẹsẹ̀ bàtà 12 ni mo ń fà. Monofilament (okùn ọ̀rá lásán) tó lè gbé pọ́ùn 14 nípọn, kì í sì í tètè rì, kì í jẹ́ kó kan ìsàlẹ̀. Braid (okùn tí wọ́n hun pọ̀) tín-ín-rín lóòótọ́, àmọ́ kì í nà: bí ẹja bá ta gìrì, ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta á fa ẹnu rẹ̀ ya, ó lọ nìyẹn. Fluorocarbon (okùn oníke mìíràn) ló kù, torí ó máa ń rì. Ṣé pọ́ùn 10 ni àbí 12? Èyí tó tín-ín-rín ń rì jìn jù, ṣùgbọ́n òkúta ló wà nísàlẹ̀. Ẹ fọwọ́ ra okùn náà lẹ́bàá ìwọ̀, ẹ ó rí i pó ti ń họ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń so fluorocarbon mọ́ iwájú braid, kókó wo lẹ ń ta tí kì í há sí òrùka ọ̀pá?