Báwo lẹ ṣe ń mọ bí wọ́n ṣe máa to Top 25 bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?

OmoOkeIlewo:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni, àmọ́ kì í ṣe bọ́ọ̀lù tiwa, ti Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń gbé sápá tí wọ́n fi ń sáré yẹn, ti àwọn yunifásítì wọn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àtọkọ ẹ̀ wà ní Columbus, Ohio, gbogbo ilé wọn ti di ọmọ Ohio State, wọ́n wá dá ìdíje sílẹ̀ lórí WhatsApp ẹbí: kó tó di alẹ́ Sunday kí kálukú ti fi Top 25, ìyẹn tíìmù 25 tó dáa jù, tó rò pé AP máa gbé jáde ránṣẹ́. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù ló jẹ, ẹni tó bá gbẹ̀yìn nígbà tí sáà bá parí ló máa ra ọ̀fadà fún gbogbo ilé tí wọ́n bá wálé. Ẹ̀yin náà ẹ mọ iye tí ọ̀fadà dé ní Abẹ́òkúta báyìí, mi ò gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn.

Ohun tí ò yé mi ni pé mi ò rí òfin tí wọ́n ń tẹ̀lé. Ní Premier League tóo bá jẹ, mẹ́ta, tóo bá ta ọ̀mì, ọ̀kan, ó tán. Èyí ńkọ́? Texas ló wà nípò kìíní nígbà tí sáà 2025 fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n lọ fìdí rẹmi nílé Ohio State 14-7, wọ́n bọ́ sí ipò 7. Ọjọ́ yẹn náà Florida State na Alabama 31-17, Alabama já láti 8 dé 21. Miami na Notre Dame 27-24, Notre Dame kàn yẹ̀ láti 6 sí 9. Match kan ṣoṣo ni gbogbo wọn pàdánù o! Èyí tó tún ń dùn mí jù ni tíìmù tí ò gbá bọ́ọ̀lù rárá lọ́sẹ̀ tó sì tún gòkè. Ta ló ń ṣírò nǹkan yìí gan-an? Ẹ là mí lọ́yẹ̀.

TisaKuto:

Àbúrò, kò sẹ́ni tó ń ṣírò ẹ̀, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Ìbò ni wọ́n ń dì. AP yẹn, Associated Press ni, iléeṣẹ́ ìròyìn, wọ́n ní àwọn oníròyìn eré ìdárayá káàkiri Amẹ́ríkà tí wọ́n lé díẹ̀ ní ọgọ́ta, kálukú wọn á kọ orúkọ tíìmù 25 tó rò pé ó dáa jù lẹ́yìn bọ́ọ̀lù Saturday. Èyí tóo bá fi ṣe kìíní gba póìǹtì 25, ìkejì gba 24, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé èyí tó gbẹ̀yìn tó ń gba ẹyọ kan, wọ́n á wá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ká ní ọgọ́ta géérégé ni wọ́n, tí gbogbo wọn fẹnu kò lórí tíìmù kan, 1,500 nìyẹn. Láti 1936 ni wọ́n ti ń ṣe é bọ̀, Minnesota ló kọ́kọ́ ṣe kìíní lópin sáà. Alan Gould tó jẹ́ ọ̀gá ẹ̀ka eré ìdárayá AP nígbà yẹn ló gbé e kalẹ̀ kí àwọn èèyàn lè rí nǹkan máa jiyàn lé lórí láàárín Saturday kan sí èkejì. Iyàn ni wọ́n fi pilẹ̀ ẹ̀, má retí ìṣirò níbẹ̀.

Wọn ò dẹ̀ lè tò ó bíi líìgì. Tíìmù tó wà ní ìpele òkè yẹn lé ní 130, match méjìlá ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbá kí àṣekágbá tó dé, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò ní fojú kan ara wọn lọ́dún náà rárá. Ojú ni wọ́n fi ń wò ó.

So kì í ṣe bọ́ọ̀lù lo fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀, bọ́ọ̀lù ti tán ní Saturday, ohun tó wà nínú àwọn èèyàn ọgọ́ta yẹn lo fẹ́ sọ. Ó dẹ̀ rọrùn ju bọ́ọ̀lù lọ tóo bá mọ ìwà wọn. Ìwé tí wọ́n kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé síwájú, wọn ò ní bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Èyí tó bá fìdí rẹmi, ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n ń bi ara wọn: ta ló nà á, ibo ló ti nà á, báwo ló ṣe nà á tó? Wo àwọn tóo kà yẹn. Ohio State tó na Texas, ipò 3 ni wọ́n wà, nílé wọn, póìǹtì 7 péré ló sì yà wọ́n. Miami tó na Notre Dame, ipò 10, nílé wọn náà, 3 ló fi jù ú lọ. Alabama ńkọ́? Florida State tó nà wọ́n ò sí nínú 25 rárá, ọdún tó ṣáájú match méjì péré ni wọ́n jẹ nínú 12, wọ́n wá fi 14 na Alabama. Ìtìjú nìyẹn. Ìtìjú gan-an ló ń sọ èèyàn sísàlẹ̀ níbẹ̀ ju pé o pàdánù lọ.

Orúkọ náà ń ṣiṣẹ́. Bí òde àríyá ni, olówó á pẹ́ dé, àwo tiẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kún. AP sọ fún wọn pé kí wọ́n dìbò fún ohun tí tíìmù ṣe lórí pápá, kí wọ́n má wo orúkọ, àmọ́ èèyàn lèèyàn ń jẹ́.

LafenwaBoy:

Ẹ̀gbọ́n ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú jàre. Ẹ da ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kọ, ẹ yọ àwọn tó fìdí rẹmi, ẹ jù wọ́n sísàlẹ̀, ẹ ti àwọn yòókù sókè. ó tán 😂😂 bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyẹn, mi ò kí ń gbẹ̀yìn

AntiItoku:

Lafenwa, ìdajì ẹ̀ lo sọ. Jù wọ́n sísàlẹ̀ dé ibo? Ibẹ̀ lowó wà.

Mo gbé lọ́hùn-ún díẹ̀ kí n tó wálé wá gbájú mọ́ àdìrẹ mi, ní ilé tí mo gbé, ọjọ́ Saturday, tóo bá ń sọ̀rọ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ wọ́n lè lé ẹ síta, torí náà mo mọ̀ ọ́n díẹ̀. Ohun tí mo máa ń wò ni àyè. Tíìmù kì í kàn já bọ́ torí pé ó pàdánù, àwọn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n ń gorí ẹ̀ kọjá, tí wọn ò bá wá sí ńkọ́? Ẹ wo September 2024, Notre Dame wà ní 5, Northern Illinois tí ẹnikẹ́ni ò kà sí wá nà wọ́n nínú ilé wọn 16-14. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn wọn ló jẹ tiwọn lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo wọn gun Notre Dame lórí kọjá, ó já dé 18. Oṣù tó tẹ̀ lé e, 5 October, Vanderbilt na Alabama 40-35. Alabama tó wà nípò kìíní o! Vanderbilt tí wọ́n máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀! Ẹni tó bá fi ti Notre Dame ṣe ìwọ̀n á ní Alabama máa dé 15 ó kéré tán. Ipò 7 ló dúró. Kí ló dé? Lọ́jọ́ yẹn gan-an Tennessee tó wà ní 4 pàdánù, Missouri tó wà ní 9 pàdánù, Michigan 10, USC 11, gbogbo wọn gba tiwọn sápò. Ta ló wá kù tó máa gorí Alabama? Alabama dẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ na Georgia 41-34 lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ni, àwọn oníròyìn ò tíì gbàgbé.

Ìbéèrè yín nípa ẹni tí ò gbá bọ́ọ̀lù tó ń gòkè, Saturday yẹn náà ló dáhùn ẹ̀. Texas wà ní ìsinmi, wọ́n wà ní 2, wọn ò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, Alabama ṣubú, nígbà tó di Sunday Texas ti di kìíní.

Nǹkan kejì, ẹ má wo ipò nìkan, ẹ wo póìǹtì tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Tí ẹni tó wà ní 8 bá ní 1,020 tí ẹni tó wà ní 9 ní 1,012, kò sí nǹkan láàárín wọn, tí 9 bá na ẹnì kan tó lórúkọ wọ́n máa pààrọ̀ ipò bí àwọn méjèèjì bá tiẹ̀ jẹ. Àmọ́ tí àlàfo bá tó 150, ẹ fi wọ́n síbẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn 25, wọ́n tún máa ń to àwọn tó rí ìbò díẹ̀ díẹ̀ tí wọn ò wọlé. Àwọn ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Tẹ́ ẹ bá ń wá ẹni tó máa bọ́ sí 24 tàbí 25, inú wọn ni kẹ́ ẹ ti mú, ẹ má kàn já orúkọ láti ojú sánmọ̀.

BabaOloja_Sapon:

Ẹ̀yin ọmọ yìí, púùlù lẹ tún fẹ́ padà sí yìí o 😀 Ẹ ṣáà rántí pé àwọn ọmọ wa náà wà nínú ẹ̀. Olusegun Oluwatimi ti Michigan gba Outland Trophy ní 2022, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún àwọn tó ń bá ọ̀tá wọ̀yá ìjà níwájú yẹn. Olu Fashanu náà ti Penn State gbá a débi tí New York Jets fi mú un ní 2024. Ṣé ẹnikẹ́ni gbọ́ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ sí Penn State lọ́dún 2025? Wọ́n ní wọ́n ti ṣe ìkejì rí kí sáà tó bẹ̀rẹ̀.

AntiItoku:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ Baba. Ha, ọ̀rọ̀ burúkú ni. Lọ́jọ́ kan náà ní October 2025, Florida na Texas 29-21, UCLA tí ò tíì jẹ match kankan lọ́dún náà na Penn State tó wà ní 7, 42-37. Ọjọ́ kejì, àwọn tí wọ́n fi ṣe kìíní àti ìkejì kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kò sí èyíkéyìí nínú wọn nínú 25 mọ́. So Tíṣà, orúkọ ní ibi tó ń gbé èèyàn dé o.

LafenwaBoy:

Ẹ jẹ́ á fi kọ̀ǹpútà ṣe é ná. Àwọn kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ní nọ́ńbà fún gbogbo tíìmù, bí ẹni pé ẹni báyìí dáa ju ẹni báyìí lọ ní póìǹtì báyìí, ṣé a ò kàn ní to ìyẹn ni?

TisaKuto:

Rárá o. Nọ́ńbà yẹn ń sọ ẹni tó máa jẹ tí wọ́n bá pàdé lọ́la, kò mọ̀ pé ìtìjú wà. Kọ̀ǹpútà lè fi tíìmù tó ti pàdánù lẹ́ẹ̀méjì sí ipò 4 kó má sì ṣẹ́jú, oníròyìn ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí tíìmù tí ẹnikẹ́ni ò tíì nà ṣì wà nílẹ̀. Ibi tí mo ti máa ń lò ó ni bọ́ọ̀lù tí wọn ò tíì gbá: tóo bá fẹ́ kọ tìẹ sílẹ̀ ní Friday, ó máa jẹ́ kóo mọ ibi tí wàhálà ti lè bẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn pa á tì.

OmoOkeIlewo:

Ẹ ṣeun gan-an ni, ojú mi ti ń là. Ẹ jọ̀ọ́ èyí tí wọ́n ń gbé jáde ní Tuesday yẹn ńkọ́? Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi máa ń tọ́ka sí i bíi pé òun ni Bíbélì. Ṣé kí n máa fi ìyẹn ṣe atọ́nà ni?

TisaKuto:

Ṣọ́ra o, ilé ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ti Tuesday, ìgbìmọ̀ èèyàn 13 ló ń ṣe é, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí October bá fẹ́ parí tàbí tí November bá wọlé, òun ló ń sọ ẹni tó máa wọ ìdíje àṣekágbá. Láti 2014 ni, tíìmù mẹ́rin ni wọ́n ń mú nígbà yẹn, láti sáà 2024 ó di méjìlá. Ti AP ò lè gbé ẹnikẹ́ni wọlé síbẹ̀, iyì lásán ni. Wo 2023: Florida State jẹ gbogbo match 13 tí wọ́n gbá, àmọ́ Jordan Travis tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn ti fara pa. AP fi wọ́n sí 4, Alabama 5. Ìgbìmọ̀ ní tiwọn fi Alabama sí 4, Florida State 5, mẹ́rin ló ń wọlé, ó parí. Àwọn ará Florida ò tíì dákẹ́ títí dòní.

Ti àwọn kóòṣì náà wà, láti 1950, ó máa ń jáde ní Sunday kí ti AP tó jáde. Ìyẹn lo lè yọjú wò tó bá ti jáde kóo tó fi tìẹ ránṣẹ́, torí òun àti AP kì í jìnnà síra wọn.

AntiItoku:

Àwọn kóòṣì máa ń fi tiwọn pamọ́ o, ti ìgbẹ̀yìn kí àṣekágbá tó bẹ̀rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń jẹ́ ká rí ohun tí kálukú kọ. Ti AP, ẹ lè rí ìwé ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹ̀. Ẹ máa kà á, ẹ máa rí àwọn tó le bí òkúta tí wọn ò fẹ́ sọ tíìmù kan kalẹ̀. Ẹ tún wo aago: bọ́ọ̀lù àwọn ará ìwọ̀ oòrùn, California àti Oregon, ń parí nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn oníròyìn tó wà ní ìlà oòrùn ti sùn, níbí ńkọ́ aago mẹ́ta ààbọ̀ òru ni òmíràn ń bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, àwọn tó bá ń jẹ lóru yẹn kì í fò sókè tó bó ṣe yẹ, èsì ni àwọn kan kàn ń kà láàárọ̀.

OmoOkeIlewo:

Aago mélòó ni ti AP wá ń jáde níbí? Wọ́n ti fẹ̀sùn kàn mí lórí WhatsApp pé mo fi tèmi ránṣẹ́ lẹ́yìn tó ti jáde.

AntiItoku:

Aago méjì ọ̀sán tiwọn, ìyẹn aago méje alẹ́ wa. Tí wọ́n bá ti dá aago wọn padà ní Sunday àkọ́kọ́ November, ó di mẹ́jọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sáà nìkan ló yàtọ̀, ìyẹn máa ń di Tuesday torí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù ní Monday ìsinmi òṣìṣẹ́ wọn.

LafenwaBoy:

Fi tìẹ ránṣẹ́ láago mẹ́fà kí NEPA tó gba iná 😂