Kí la ó máa pe ẹnkódà? Èmi ò fara mọ́ “afikóòdùsí”

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò. Ẹ̀gbọ́n wa tí ó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ dá a lábàá pé kí a máa pe ẹnkódà, ìyẹn ohun kékeré tó ń wo bí mọ́tò tàbí tábìlì ẹ̀rọ ṣe ń lọ, tó sì ń jábọ̀, ní “afikóòdùsí”, kí a pe stepper motor ní “mọ́tò onígbésẹ̀”, kí a sì pe servo motor ní “mọ́tò ẹrú”, nítorí pé servus ni ẹrú ń jẹ́ lédè Látìn. Ọ̀kan péré ni mo gbà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi kì í ṣe onímọ̀ èdè. Ẹ̀rọ CNC kékeré kan, ìyẹn ẹ̀rọ agbẹ́gi tí kọ̀ǹpútà ń darí, tí mo fọwọ́ ara mi tò ló wà lẹ́yìnkùlé mi, òun ni mo fi ń gbẹ́ lẹ́tà sára igi, ohun tójú mi sì rí nídìí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

“Onígbésẹ̀” ni mo gbà. Mọ́tò yìí kì í yí gbirigbiri bíi ti fáànù, ẹsẹ̀ ló ń gbé lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wọ́pọ̀ jù máa ń gbé ìgbésẹ̀ 200 kí ó tó yí po lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn dígírì 1.8 fún ìgbésẹ̀ kan. Ẹnìkan ní ìjọba ti gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ wa lọ́wọ́, pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń “gbé ìgbésẹ̀”. Ó dáa, ṣùgbọ́n tiwọn ò ṣeé fi dígírì wọ̀n.

“Ẹrú” ni kò wọlé sí mi létí rárá. Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ gbé ìtàn búburú tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà tì. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbọràn ló sọ servo di ẹrú, onígbésẹ̀ náà ń gbọ́ràn. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé onígbésẹ̀ ń jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an, kò ní padà wá sọ bó ṣe rí. Servo ń jẹ́ ẹ, ó sì ń jábọ̀. Àwọn àgbà tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì ti la ọ̀nà yìí sílẹ̀ fún wa tipẹ́.

Ẹ wo tèmi. Arduino Uno, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré kan, tí mo gbé GRBL, ètò tó ń darí ẹ̀rọ CNC, sí lórí ló ń darí ẹ̀rọ mi. Ó ń rán àmì iná sí mọ́tò, kò sì bojú wẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kan mò ń gbẹ́ “KÁÀBỌ̀” sára pákó ọmọ̀, ọ̀bẹ bá kọ lu kókó igi, ẹsẹ̀ mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Bí ẹsẹ̀ irú mọ́tò yìí bá yẹ̀, ìgbésẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin ló máa ń pàdánù. Skúrù tèmi ń gbé tábìlì lọ ní mílímítà 8 fún ìyípo kan, nítorí náà mílímítà 0.16 ló ń lọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ̀ títí ó fi di mílímítà 4. Lẹ́tà B gun orí A, GRBL sì ń bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Apàṣẹ-má-gbèsì gidi! Èyí ni mo ṣe fẹ́ kí servo máa jẹ́ “mọ́tò ajíṣẹ́-jábọ̀”. Wọ́n ti ń ta onígbésẹ̀ tó ní ẹnkódà nídìí báyìí, a ó kàn pe ìyẹn ní onígbésẹ̀ ajíṣẹ́-jábọ̀. Ẹ fi “ẹrú” sọ ìyẹn ká gbọ́.

Ó wá ku ẹnkódà fúnra rẹ̀. Kóòdù kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀nà tó ń gbà sọ̀rọ̀ ni. Àǹtí wa kan mú “afipòhàn” wá, àwọn kan sì ta kò ó pé ipò jẹ mọ́ oyè. Ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Ẹnkódà tó wà nídìí mọ́tò kò mọ ibi tí ọ̀bẹ wà. Bí nọ́ọ̀tì orí skúrù bá ti jẹ, mọ́tò á yí díẹ̀ kí tábìlì tó mira, ẹnkódà á sì jábọ̀ pé gbogbo rẹ̀ pé. Kò purọ́ o. Ìyí ló rí, ìyí ló sọ. “Ajábọ̀-ìyí” ni kí a pè é. Èyí tí wọ́n ń tẹ́ gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, tó ń wo tábìlì gan-an, ni “ajábọ̀-ìrìn”. Ẹni tó bá ń lọ rà á á ti mọ ohun tó ń rà látinú orúkọ. Kí ó sì rántí pé GRBL orí Uno kò létí tí yóò fi gbọ́ àbọ̀ kankan. Àfi kí dráífà mọ́tò, ìyẹn pátákó tó ń fún mọ́tò níná, fúnra rẹ̀ máa gbọ́ ọ, tàbí kí ẹni náà lo LinuxCNC, ètò mìíràn tó ń darí ẹ̀rọ láti orí kọ̀ǹpútà.

Wáyà A àti B tó ń jáde lára ajábọ̀-ìyí ńkọ́? “Àmì ìbejì” ni mo pè wọ́n. Bí Táyé, ìyẹn A, bá ṣáájú, apá kan ló ń yí sí. Bí Kẹ́hìndé, ìyẹn B, bá ṣáájú, apá kejì ni. Ìlà kan lára àwo tó ń yí nínú rẹ̀ ń mú ònkà mẹ́rin wá, ìdí nìyẹn tí ajábọ̀-ìyí onílà 600 fi ń ka 2400 fún ìyípo kan. Púpọ̀ nínú àwọn ajábọ̀ ń gbàgbé bí iná bá lọ, tí a ó fi kọ́kọ́ mú ẹ̀rọ lọ sílé, ìyẹn ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ ìkà, kó tó mọ ibi tó wà. Àwọn kan kì í gbàgbé, wọ́n sì wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. “Onígbàgbé” àti “arántí” ti tó fún mi, bí ẹ bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ mú tiyín wá.

Dráífà tí mo dárúkọ lókè yẹn ni mi ò tíì rí orúkọ fún. Ẹ̀gbọ́n wa kọ “awakọ̀ mọ́tò”. Mo ka á sétígbọ̀ọ́ ìyàwó mi, ó ní ṣé mo fẹ́ gba dírẹ́bà ni.