Àkọ́bí ń bọ̀ ní Houston: kí la lè ṣe kó má di CS?

Tósìn: Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin ọmọ Àkúrẹ́. Ìyàwó mi ti wọ ọ̀sẹ̀ 37, àkọ́bí ni. Mọ̀mí ń pè láti ilé lójoojúmọ́ pé bí obìnrin Hébérù ló máa bí i, ọ̀bẹ ò ní kàn án. Àmọ́ ní Amẹ́ríkà níbí, nínú ọmọ 100, bíi 32 ni wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ gbé jáde, ọkàn mi ò sì balẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bí níbí ńkọ́?

Ìyá Dáre: Tósìn, bí inú ṣe kọ́kọ́ ń run mí báyìí ni mo sáré dé hospital, ẹnu ilé ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí dé sẹ̀ntímítà 3 péré, wọ́n gbé mi sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n so mí mọ́ ẹ̀rọ, mi ò lè rìn, nígbà tó máa di alẹ́ wọ́n ní ìrọbí mi dúró, ó di tíátà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ìrọbí gan-an kì í sábà gbóná títí á fi dé sẹ̀ntímítà 6. Àwọn dókítà aláboyún Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 2014, wọ́n tún ní kí wọ́n jẹ́ kí àkọ́bí púùṣì tó wákàtí 3 ó kéré tán, tí ara ìyá àti tọmọ bá ṣì dáa. Bí omi ò bá tíì dà, tí kò sẹ́jẹ̀, tí ọmọ ń yí dáadáa, ẹ pe agbẹ̀bí lórí fóònù kẹ́ ẹ tó gbéra.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Òótọ́ ni Àǹtí sọ. Ẹ bi hospital yín, nínú àwọn àkọ́bí tó pé oṣù tó sì dorí kodò, mélòó ni wọ́n ń là? Kalifóníà gbájú mọ́ nǹkan yìí, ó wálẹ̀ láti 26 nínú 100 ní 2014 sí bíi 23 ní 2019, kò sì ṣe àwọn ọmọ ní jàǹbá. Èyí tó wù mí jù ni kí ẹnì kan má kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó yín láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrọbí dópin, torí ó ń dín CS kù lóòótọ́. Ṣé ìgbà ìwẹ̀ ọmọ nìkan ni Mọ̀mí fẹ́ dé ni? Ẹ jẹ́ kí wọ́n tètè wá, kí wọ́n máa pa á lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ Hébérù yẹn o. Bí ìlùkìkì ọkàn ọmọ bá ń lọ sílẹ̀ tí dókítà ní kẹ́ ẹ sáìnì, ẹ sáìnì kíá. Nílé, ìyá tó yẹ kí wọ́n là tí wọn ò là ló pọ̀ jù, àdúrà yẹn sì máa ń dá àwọn kan dúró títí ẹ̀pa ò fi ní bóró mọ́.

Tósìn: Ẹ ṣé gan-an Àǹtí, ẹ ṣé nọ́ọ̀sì. Mo ti pe Mọ̀mí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀ nígbà tí mo dórí ọ̀rọ̀ sáìnì, wọ́n wá ní kí n lọ yí ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì padà.