Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé ayé inú kọ̀ǹpútà lè ran kíláàsì kẹ́místírì wa lọ́wọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́?

Olùkọ́ Kẹ́místírì, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ìbéèrè kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú eré wò ó.

SS2 ni mò ń kọ́ ní kẹ́místírì ní ilé ìwé aládàáni kan níbí. Màmá tó ni ilé ìwé wa lọ sí ìpàdé kan, wọ́n sì fi kíláàsì kan hàn wọ́n níbẹ̀ tó jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni gbogbo rẹ̀ wà. Akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó sílé, á ṣí i, á ní ara kan tó ń gbé rìn nínú ẹ̀, á nawọ́, á bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà Màmá ò sinmi mọ́. Wọ́n ní kí n wá bí a ṣe máa ṣe irú ẹ̀ kí táàmù tó ń bọ̀ tó wọlé, ká lè gba àwọn ọmọ tó wà ní Ìkòyí-Ilé láìjẹ́ pé wọ́n ń wọkọ̀ wá lójoojúmọ́.

Mo dán an wò lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo rí ọ̀kan tí Chrome lásán ń ṣí, kò ní ká gba áàpù kankan sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ 38, fóònù 9, tèmi náà wà nínú ẹ̀. Fóònù 4 ti háńgì kí ibẹ̀ tó ṣí tán. Ọmọkùnrin kan ráyè wọlé, àmọ́ ara tó gbé wọ̀ kọjú sí ògiri, kò rí i yí padà títí agogo fi lù. Àwọn tí fóònù òbí wọn dáa ń sáré kiri nínú ẹ̀, ariwo ta. Ọmọbìnrin kan tó dúró lẹ́yìn wá fà mí láṣọ, ó ní, “Àǹtí, tó bá di pé ibẹ̀ la ó ti máa kẹ́kọ̀ọ́, èmi ò ní wá mọ́ nìyẹn?” Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

N kò fẹ́ sọ fún Màmá pé kò ṣeé ṣe. N kò sì fẹ́ kí ọmọ kankan dúró sẹ́yìn. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Físíìsì, ti fẹ̀yìn tì

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́, Ọlọ́run á ràn ọ́ lọ́wọ́. Ohun kan ni mo fẹ́ kó o fi sọ́kàn. Títírésọ̀n, ìyẹn kíkán ásíìdì sínú béèsì títí á fi tó gẹ́lẹ́, kì í ṣe ohun tí ojú nìkan ń kọ́, ọwọ́ ló ń kọ́ ọ. Ọwọ́ òsì wà lára kọ́ọ̀kì búrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì tí ásíìdì wà nínú rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ń mi ìgò lábẹ́, ásíìdì ń kán tó, tó, tó. Methyl orange inú ìgò, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ń sọ ìgbà tó bá tó, ṣì ní àwọ̀ ìyeyè. Ẹ̀kán kan péré ló máa sọ ọ́ di àwọ̀ ọsàn, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá wúwo á ti kọjá ibẹ̀ kó tó mọ̀. Mo ti rí ọmọ tó mọ gbogbo ìṣirò tán, tó wá bú sẹ́kún nídìí búrẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ ìdánwò, búrẹ́ẹ̀tì gidi ni wọ́n máa gbé síwájú wọn.

N kò ní kó o má ṣe é o. Mo ní kó o má fi dípò èyí ni. Àwọn ọmọ Ìkòyí-Ilé yẹn, ẹ fi ìwé kíkà ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, kí wọ́n máa wá ṣe practical lọ́jọ́ Sátidé. Ìyẹn kò gba kí ẹnikẹ́ni gbé ara mìíràn wọ̀.

Ọmọ LAUTECH

Ẹ kú iṣẹ́ ma. Mo mọ ohun tó mú kí fóònù wọ̀nyẹn háńgì, kì í ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan. Àwọn tó kọ́ irú ibẹ̀ máa ń fi fọ́tò lẹ ògiri. Fọ́tò tí fóònù yà, tó fẹ̀ tó dọ́ọ̀tì 4000 níbùú, 3000 lóòró, lè má ju mẹ́gábáìtì 4 lọ nígbà tó wà nínú fáìlì. Àmọ́ tí fóònù bá tú u láti fi hàn, dọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ń gba báìtì 4. Ẹ ṣírò ẹ̀ ma: mẹ́gábáìtì 48 nìyẹn, fọ́tò kan ṣoṣo. Ẹ lẹ 20 irú ẹ̀ mọ́ ògiri, ó ti fẹ́ẹ̀ tó gígábáìtì kan. Fóònù tí RAM rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 2 máa kú ni. Tí wọ́n bá dín fọ́tò yẹn kù sí 1024 lójú méjèèjì, mẹ́gábáìtì 4 péré ló máa gbà.

Nítorí náà, kí ẹ tó yan èyíkéyìí, fóònù tó kéré jù nínú kíláàsì yín ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣí i. Tí ìyẹn bá ti lè gbé e, ó ti tán.

Ìyá Ìbejì, Ṣábó

Àǹtí, ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yín, òbí lèmi. Ta ló tún wà nínú ibẹ̀ yàtọ̀ sí àwọn ọmọ wa? Ọmọ ọdún 15 á máa rìn kiri níbi tí àjèjì lè bá a sọ̀rọ̀, n kò fẹ́ ẹ rárá. Tí ẹ bá máa ṣe é, kó jẹ́ ibi tí ẹ̀yin nìkan ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Alágbàtà Kọ̀ǹpútà, Tákié

Kí ilé ìwé ra gíláàsì VR mẹ́wàá, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ojú. Ìyẹn ló ń múni wọ inú ẹ̀ gan-an.

Ọmọ LAUTECH

Ẹ̀gbọ́n, mẹ́wàá fún ọmọ 38, pẹ̀lú irú iná tí a ní yìí? Ta ló máa máa ṣájì ẹ̀?

Olùkọ́ ICT, Ọ̀yọ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Ìyá Ìbejì sọ òótọ́ pátápátá, mo sì fẹ́ fi kún un pé ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ló ni ilé. Ilé iṣẹ́ Linden Lab ṣí Second Life, ọ̀kan nínú irú ayé inú kọ̀ǹpútà yìí, ní 2003, àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì sì kọ́ ilé síbẹ̀ nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti pa á tì. Irú ẹ̀ mìíràn, Hubs ti Mozilla, tí bíráúsà lásán ń ṣí, bẹ̀rẹ̀ ní 2018. Wọ́n tì í ní 31 oṣù Karùn-ún 2024. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé wọ́n fi kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá lè gbé e ró fúnra rẹ̀. Èyí ni mo ṣe ń sọ pé ẹ má kọ́ kíláàsì yín sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì tó wà lọ́wọ́ yín.

A-Frame, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ irú ayé yìí, ni kí ẹ lò, ó ti wà láti 2015. Ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù lásán ni. Ẹ kọ `<a-sphere>`, bọ́ọ̀lù kan yọ. Ẹ kọ `<a-box>`, àpótí kan yọ. Fáìlì tó ń gbé gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́ kò ju mẹ́gábáìtì méjì lọ, àwọn ọmọ gan-an lè kọ ọ́.

Fún nǹkan bíi ásíìdì àti béèsì, ẹ wo PhET, àwọn àfarawé ìdánwò sáyẹ́ǹsì orí kọ̀ǹpútà, ti Yunifásítì Colorado Boulder. Carl Wieman, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní 2001, ló dá a sílẹ̀ ní 2002. Ẹ lè gbà á sílẹ̀ kí ẹ máa lò ó láìsí dátà. Kì í ṣe ayé tí èèyàn ń rìn nínú ẹ̀, àmọ́ ó wúlò gan-an.

Ìbéèrè tèmi nìyí: kí ni àwọn ọmọ yín kì í rí lórí pátákó, bó ti wù kí ẹ yà á tó? Òun ni kí ẹ kọ́.

Olùkọ́ Kẹ́místírì, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ ṣé gan-an. Ìdáhùn wà lẹ́nu mi kí n tó ka ìbéèrè yín tán: iyọ̀! Sódíọ̀mù àti kilóráìdì ló para pọ̀ di iyọ̀, mo sì máa ń sọ fún wọn pé kilóráìdì 6 ló yí sódíọ̀mù kan ká. Mo máa yà á sórí pátákó, wọ́n á kà á, 4 ni wọ́n máa ń rí. Wọ́n á wá há 6 sórí nítorí pé Àǹtí sọ bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ ICT, Ọ̀yọ́

Ó parí! Ẹ fi ojú akẹ́kọ̀ọ́ sí ibi tí sódíọ̀mù wà. Ẹ fi bọ́ọ̀lù ṣe kilóráìdì, ẹ tò wọ́n sí iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì, òkè, ìsàlẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jìnnà sí i ní 2.83 (mítà kan nínú ẹ̀ dúró fún áńgsítírọ́ọ̀mù kan, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn átọ́ọ̀mù). Láti àárín dé etí, kilóráìdì jẹ́ 1.81, sódíọ̀mù 1.02, àmọ́ ẹ pín ìtóbi wọn sí ọ̀nà mẹ́ta kí ojú lè ríran kọjá láàárín wọn. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé ẹ dín in kù o, torí nínú iyọ̀ gidi wọ́n fara kan ara wọn.

Olùkọ́ Kẹ́místírì, Ògbómọ̀ṣọ́ *(ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà)*

Mo ní kí n padà wá jábọ̀ fún yín.

Àwọn ọmọ mẹ́ta ló bá mi kọ ọ́, lórí láptọ́ọ̀pù tèmi. Mo gbé e sórí ráútà láìsí dátà, gbogbo fóònù 9 ló ṣí i, kò sí èyí tó háńgì. Inú mi ti dùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka yí i, mo ní kí wọ́n kà á. Ẹ gbà mí, 4 náà ni wọ́n kà! Ìka ń yí i sọ́tùn-ún sósì nìkan, kì í wo òkè. Mo gbé fóònù sókè, kò mira. Àfi ìgbà tí mo pe Ọmọ LAUTECH ló ṣàlàyé pé Chrome kì í jẹ́ kí ojú ìwé mọ̀ bí fóònù ṣe ń yí, àfi tí àdírẹ́sì rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https. Ó bá mi gbé e sórí GitHub, ìkànnì kan tí àdírẹ́sì rẹ̀ ní https, lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi dátà tèmi ṣí i fún gbogbo wọn. Fóònù 2 kò ní ohun tó ń mọ̀ pé wọ́n yí i, a fi wọ́n sílẹ̀. Fóònù 7, ọmọ 5 tàbí 6 sídìí ọ̀kan, ẹni kan á dì í mú, àwọn yòókù á máa kà á sókè. Ọmọbìnrin tó fà mí láṣọ lọ́jọ́sí ló di ti ẹgbẹ́ tiwọn mú. Ó yí ká tán lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ka 4. Ó wá gbé fóònù sókè orí, ọrùn rẹ̀ ta sẹ́yìn, ó pariwo, “Ó tún ku ọ̀kan lókè!” Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti dojú fóònù kọ ilẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Mo ti sọ fún Màmá pé practical àwọn ọmọ Ìkòyí-Ilé di Sátidé, wọ́n gbà. Títírésọ̀n ṣì wà nínú láàbù, Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù. Ọmọbìnrin yẹn tún wá bá mi lẹ́yìn kíláàsì, ó ní kí ló wà lẹ́yìn àwọn kilóráìdì náà. Tí mo bá sọ bọ́ọ̀lù 6 di 26, ṣé fóònù kékeré wọ̀nyẹn á gbé e?

Ọmọ LAUTECH

Á gbé e ma. Bọ́ọ̀lù tí kò ní fọ́tò lára kò wúwo. Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ kọ 20 tó kù.