Ẹ fi ọmọ ẹja sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá wọn

Ẹja tí a ń sìn nínú táǹkì gíláàsì ní ilé wa ní Adó-Èkìtì ni èyí tí wọ́n ń pè ní kribensis. Ẹbí ẹpìyà ni, àwọn odò kéékèèké ìhà gúúsù Nàìjíríà sì wà lára ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá. Inú mi máa ń dùn pé ọmọ ilẹ̀ wa ni ẹja tí wọ́n ń sìn káàkiri ayé yìí.

Ibi kọ́lọ́fín ni ó ń yé sí. Ìkòkò amọ̀ kékeré láti Ọjà Ọba ni mo dojú rẹ̀ délẹ̀ fún wọn, lẹ́yìn tí mo ti dá ihò sí etí rẹ̀, inú ibẹ̀ sì ni abo máa ń wọ̀ nígbà tí ikùn rẹ̀ bá ti pọ́n dẹ̀dẹ̀. Ẹyin náà máa ń pa ní nǹkan bí ọjọ́ 3, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kì í tíì lè lúwẹ̀ẹ́. Oúnjẹ inú àpò abẹ́ ikùn wọn ni wọ́n ń jẹ títí tí yóò fi tó bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn yíyé. Oúnjẹ yòówù tí a bá dà sínú omi ṣáájú ìgbà yẹn, jíjẹrà ni yóò jẹrà.

Nígbà tí wọ́n bá gbéra tí wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́, Artemia, ìyẹn ẹ̀dá tíntìntín inú omi iyọ̀ tí ó fara jọ edé, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ni oúnjẹ tí mo gbà pé ó dára jù fún wọn. Ẹyin rẹ̀ gbígbẹ ni à ń rà. A ó po nǹkan bí gíráàmù 25 iyọ̀ mọ́ lítà omi kan, a ó da ẹyin sí i, a ó sì máa fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, yóò sì pa láàárín wákàtí 24 sí 36 bí omi náà bá lọ́ wọ́ọ́rọ́. Aṣọ fẹ́lẹ́ ni mo fi ń sẹ́ ẹ, tí mo sì ń fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án kí n tó fún wọn ní díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́. Bí ikùn wọn bá ti pọ́n bí èèpo ọsàn, wọ́n ti yó nìyẹn. Àwọn mìíràn ń lo pupa ẹyin adìyẹ sísè nítorí pé kò wọ́n, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn, nítorí kíá ni ó ń ba omi jẹ́, oúnjẹ tó ń jẹrà sì ń mú ammonia jáde, èyí tí ó máa ń pa ọmọ ẹja.

Fílítà oní-fóòmù nìkan ni mo ń lò, kí ó má baà fa àwọn ọmọ wọlé. Nígbà ọyẹ́, mo ń fi aṣọ nípọn yí ẹ̀gbẹ́ táǹkì ká kí omi lè wà láàárín ìwọ̀n 25 sí 27 Celsius, mo sì ní ẹ̀rọ atẹ́gùn oníbátìrì fún ìgbà tí iná bá lọ.

Ohun tí mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù lọ ni ti òbí wọn. Takọtabo ni wọ́n jọ ń ṣọ́ àwọn ọmọ. Bí ọ̀kan bá ṣáko lọ, wọn yóò fi ẹnu gbé e, wọn yóò sì tu ú padà sáàárín àwọn yòókù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìkẹ́rẹ́ kó àwọn ọmọ tirẹ̀ kúrò ní kùtùkùtù, ni akọ bá kọjú ìjà sí abo títí ó fi ya lẹ́bẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bímọ lè jẹ ọmọ wọn àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹ ṣe sùúrù fún wọn, wọn yóò tún yé. Ìgbà tí ẹ bá rí i pé òbí ti ń lé àwọn ọmọ nítorí pé wọ́n fẹ́ yé òmíràn ni kí ẹ tó yà wọ́n sọ́tọ̀.