Ìtàn ìfẹ́ láti Jámánì: èwo ni ká kọ́kọ́ kà?

Àdùkẹ́: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹgbẹ́ òǹkàwé wa n'Ílé-Ifẹ̀ ń wá ìtàn ìfẹ́ láti Jámánì, èyí tí olólùfẹ́ ti lọ. Èwo ni ká fi bẹ̀rẹ̀?

Bọ́dé: Kairos ti Jenny Erpenbeck (2021). Hans, olólùfẹ́ Katharina, ti kú. Páálí ìwé méjì ló dé ọwọ́ Katharina, ibẹ̀ ló ti ń tú ìfẹ́ ọdún 1986 wò ní Ìlà-Oòrùn Berlin. Ẹ má fo ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà o! Ẹni tó bá fò ó kò ní mọ̀ pé òkú là ń rántí.

Ìyábọ̀: Animal triste ti Monika Maron (1996) wù mí jù. Obìnrin kan ń retí Franz, olólùfẹ́ rẹ̀ tó ti lọ, kò ka ọdún mọ́. Ìrántí rẹ̀ kò ṣeé gbára lé. Ẹ fàmì síbi tó bá ti yí ọ̀rọ̀ padà.